Bí Yínúsà Ṣe Ń Jẹun Síwájú

Wọ́n yọ lémọ́mù nípò nílé Yínúsà Bẹ̀llò ní Sauka Kahuta. Ẹ má bi mí bóyá wọ́n ṣèpàdé, ẹ má bi mí bóyá wọ́n dìbò. Ikùn lémọ́mù fúnra rẹ̀ ló yọ lémọ́mù.

Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ níbi tó yẹ. Yínúsà yìí, ọmọ Ìlọrin ni, télọ̀ ni, jalàbíà àti agbádá ló ń rán ní àdúgbò Shango, ọdún mọ́kàndínlógún ló sì ti wà ní Minna. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta ni. Láti ọjọ́ tí Nàímátù ìyàwó rẹ̀ ti wọlé, òun ló ń ṣíwájú ìrun àsùbáà nínú pálọ̀: òun níwájú, Junaid ọmọkùnrin rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, Nàímátù àti Àmínát ọmọbìnrin wọn lẹ́yìn pátápátá. Yínúsà fẹ́ràn ipò yìí ju bó ṣe ń jẹ́wọ́ lọ. Ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà ló ń pàṣẹ fún un. Nílé, onílé ló ń pàṣẹ fún un. Lórí ẹní ìrun yẹn nìkan ni ẹnikẹ́ni kì í gbórí sókè àfi tí òun bá kọ́kọ́ gbé tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n Yínúsà tún fẹ́ràn oúnjẹ, oúnjẹ náà sì fẹ́ràn rẹ̀, kò fẹ́ kúrò lára rẹ̀. Wákàtí mẹ́wàá ló ń jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ lóòjọ́. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń gbé e lọ, kẹ̀kẹ́ Màrúwá ló ń gbé e bọ̀, àwọn oníkẹ̀kẹ́ sì ti mọ̀ pé tó bá ti jókòó sẹ́yìn, èrò kan péré ló kù táwọn lè gbé tì í. Ìrìn tó gùn jù tó ń rìn ni láti ìdí ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń dín dànkálì, ìyẹn ànàmọ́, lódìkejì títì. Tí ṣòkòtò bá fún un, á tú ìbàdí rẹ̀, á fi aṣọ kún un, á ní aṣọ ayé ìsinsìnyí ló ń súnkì. Télọ̀ ni, ta ló fẹ́ bá a jiyàn?

Ní Minna, wọn kì í bi ẹni tí ikùn rẹ̀ bá yọ tó báyẹn bóyá ó ti dé Mẹ́kà. Alhaji ni. Yínúsà ò tíì wọ bàálù rí láyé rẹ̀, àmọ́ gbogbo Shango ló ń pè é ní Alhaji, ó sì ń dá wọn lóhùn.

Ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn Iléyá, tí ẹran ọdún ṣì wà nínú fíríìjì, Yínúsà forí kanlẹ̀ ní ráká kejì àsùbáà, orúnkún rẹ̀ sì kọ̀ jálẹ̀ pé òun ò dìde mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn forí balẹ̀, wọ́n ń dúró dè é. Junaid rò pé bàbá òun ń tọrọ nǹkan ńlá lọ́wọ́ Ọlọ́run. Nàímátù rò pé ó ń tọrọ àforíjìn lórí ẹran tó jẹ lánàá. Àmínát ò rò nǹkan kan, ó ti sùn lọ. Ó pẹ́ gan-an kí wọ́n tó gbọ́ ohùn lémọ́mù láti ilẹ̀, kì í sì í ṣe Lárúbáwá ló sọ.

"Junaid, wá gbé mi."

Látọjọ́ náà, orí àga oníke lẹ́gbẹ̀ẹ́ fíríìjì ni Yínúsà ti ń kírun. Wọ́n bi málàm àdúgbò, málàm ní ẹni tó ń jókòó kírun kò lè ṣe lémọ́mù fún ẹni tó lè dúró, kí wọ́n fa ẹlòmíì síwájú. Ẹlòmíì wo ló tún kù? Junaid ni. Ẹni ọdún méjìlélógún, tó ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní yunifásítì ní Gidan Kwano, tó mọ kéwú dáadáa, tó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Súrà tó bá kà á gùn bí ojú ọ̀nà Bídà. Yínúsà á jókòó sórí àga, fíríìjì á máa kùn létí rẹ̀, á máa wo ẹ̀yìn ọmọ tó bí. Inú rẹ̀ kì í dùn. Ẹ má jẹ́ ká parọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́ ju ti ọjọ́ tí wọ́n jí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ gbé lọ.

Ó lọ sí ilé ìwòsàn. Dókítà tẹ orúnkún rẹ̀ wò, ó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó gbé e lé orí ìwọ̀n: kílò mọ́kànlélọ́gọ́fà. Dókítà ní orúnkún ò bàjẹ́, ẹrù ló pọ̀ jù fún un. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ń ru. Ó ní tí Yínúsà bá lè sọ kílò mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nù, yóò padà forí kanlẹ̀ bí ẹlòmíì, tí kò bá sì sọ ọ́ nù, kó má wulẹ̀ da ara rẹ̀ láàmú nípa orúnkún, ọkàn rẹ̀ ló kù tí wọn yóò máa sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fà á lé nọ́ọ̀sì kan lọ́wọ́, Ummuhani, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kò gbọ́ Yorùbá, tí yóò máa wọ̀n ọ́n ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì.

Nàímátù ní kó mú Junaid dání kó bá a túmọ̀ Hausa. Yínúsà fò sókè, bí ara rẹ̀ ṣe lè fò mọ.

"Ọmọ tó gba ẹní ìrun lọ́wọ́ mi, ṣé n tún jẹ́ kó gba ẹnu lọ́wọ́ mi ni? Ọdún mọ́kàndínlógún ní Minna, ẹ ní n ò gbọ́ Hausa?"

Ó gbọ́ ọ lóòótọ́. Hausa ti télọ̀. Ó lè ka iye, ó lè sọ pé ó gùn, ó kúrú, ó fẹ̀, ó lè búra pé ọ̀la ni aṣọ máa ṣetán, kó sì fi Hausa tó dáa tọrọ àforíjìn nígbà tí ọ̀la bá dé. Ohun tó bá ti kọjá ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, àfi kí Ọlọ́run yọ ọ́.

Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, ẹ ò rí nǹkan. Wọ́n ní kó máa rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láràárọ̀, kó dín oúnjẹ kù, kó jáwọ́ nínú ṣúgà. Yínúsà rìn. Ó ń mí gùlegùle dé ìkòríta, ó ń dúró bí ẹni tó ń wo ilé tó fẹ́ rà. Ebi ń pa á, ó ń bínú sí ẹ̀rọ, ó ń bínú sí òwú, ó rán apá òsì mọ́ apá ọ̀tún jalàbíà àgbàlagbà kan tí kò ṣe é ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà gun ìwọ̀n, kílò kan ti lọ. Ummuhani pàtẹ́wọ́.

"Madalla! To, Alhaji, ka ci gaba."

Ibí yìí gan-an ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Yínúsà rò ó láti ilé ìwòsàn dé ilé. "Ci" nínú Hausa, jẹun ni. Ta ni ò mọ ìyẹn? Ṣé kì í ṣe ohun tí wọ́n ń sọ fún un níbikíbi tó bá bá abọ́ nílẹ̀: zo ka ci, máa bọ̀ wá jẹun? "Gaba" ńkọ́? Iwájú ni. Gbogbo ọlọ́kọ̀ ní Minna ló ń pariwo rẹ̀: wọlé sí gaba, bọ́ síwájú. Ó dáa. Ka ci gaba. Jẹun síwájú. Síwájú kí ni? Síwájú ìrìn náà ni! Yínúsà dúró gbọnin lẹ́bàá títì. Abájọ tí ó fi ń rẹ òun! Ebi lòun ń fi rìn láti ọjọ́ yìí, ọkọ̀ wo ló ń rìn tí kò sí epo nínú rẹ̀? Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó dá ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ ara rẹ̀ tí kò mú Junaid dání.

Láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, Yínúsà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé ìlànà. Obìnrin kan wà ní ìkòríta tó ń ta wáínà, àkàrà ìrẹsì tí wọ́n ń dín nínú agbada olójú kéékèèké, kó tó di pé ojú mọ́ tán ló ti ń dáná. Yínúsà á jáde nílé pẹ̀lú bàtà ìsáré tí Nàímátù rà fún un, á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á jẹ wáínà mẹ́jọ pẹ̀lú ọbẹ̀ tó lẹ́pa nínú, á fi ife kúnú méjì lé e. Lọ́jọ́ Jímọ̀, á fi àkàrà kún un, nítorí pé ọjọ́ ńlá ni. Lẹ́yìn náà ni yóò rìn. Ẹni tó jẹ wáínà mẹ́jọ, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, báwo ló ṣe fẹ́ rìn jìnnà? Á rìn dé ibi tí wáínà bá gbà á láyè dé, á yí padà.

Tó bá délé, Nàímátù á ti gbé oúnjẹ rẹ̀ sílẹ̀: kùkúńbà, ẹyin bíbọ̀ kan, tíì tí kò ní ṣúgà. Yínúsà á jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kò ní kùn, kò ní bi wọ́n pé ṣé èyí náà ni. Ọkùnrin tó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ayà ẹran ní Iléyá tó kọjá ló wá di ẹni mímọ́ lórí kùkúńbà. Ẹnu ya Nàímátù. Ó sọ fún àwọn aládùúgbò pé Ọlọ́run ti fọwọ́ tọ́ ọkọ òun. Lálẹ́, túwó tí kò ju ìkúùkù ọmọdé lọ ló ń fún un, ó ní "Alhamdulillahi," ó sì dìde.

Ẹ bá mi bi í léèrè ohun kan o. Bí ìmọ̀ràn nọ́ọ̀sì bá dá a lójú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi ń nu ẹnu kó tó wọlé? Kí ló dé tó fi ń ṣán omi sí irùngbọ̀n kí òórùn epo má baà jáde? Nígbà tí òun náà bi ara rẹ̀, ó ní àwọn obìnrin kì í tètè gba ìmọ̀ tuntun. Àwọn àgbà ló ní ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, Yínúsà sì ti jáde lójú ọ̀nà méjèèjì láàárọ̀ kùtù pẹ̀lú bàtà ìsáré.

Ó fo ìwọ̀n kan, ó ní iṣẹ́ pọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Nígbà tó máa lọ, oṣù kan àti ààbọ̀ ti kọjá, òjò sì ń rọ̀ lọ́jọ́ náà, Junaid tẹ̀lé e láti gbé agbòjò. Ó fi Junaid sílẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó gun ìwọ̀n pẹ̀lú ìgboyà ẹni tó ti ka ìwé rẹ̀ tán kó tó wọ ibi ìdánwò.

Ummuhani wo ìwọ̀n. Ó ní kó sọ̀ kalẹ̀. Ó ní kó tún gùn ún. Mẹ́rìnlélọ́gọ́fà.

"Kai! Alhaji, me ka yi?" Kí lẹ ṣe?

"Na ci gaba," ni Yínúsà dáhùn, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

"Ka ci gaba?"

"Wallahi, na ci gaba! Kullum!" Lójoojúmọ́ ayé.

Ummuhani wo ìwọ̀n, ó wo Yínúsà. "Ka ci gaba da me?" Pẹ̀lú kí ni?

"Da wáínà," ni Yínúsà wí. Inú rẹ̀ dùn pé wọ́n bi òun. "Da ọbẹ̀ rẹ̀. Da kúnú. Tó bá di Jímọ̀, da àkàrà."

Ummuhani bojú. Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó pe nọ́ọ̀sì kejì, ó ní kí Alhaji jọ̀ọ́ tún un sọ. Yínúsà tún un sọ. Nọ́ọ̀sì kejì di ògiri mú. Ìgbà yẹn ni ọkàn Yínúsà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún un pé nǹkan kan wọ́, ó sì ṣe ohun tó ti búra pé òun ò ní ṣe láéláé. Ó pe Junaid.

Junaid, tí ojú rẹ̀ là sí Minna, tí Hausa rẹ̀ dán ju Yorùbá rẹ̀ lọ, gbọ́ tẹnu nọ́ọ̀sì, ó sì gé ètè jẹ. Ó wo ilẹ̀, ó wo òrùlé.

"Bàámi, 'ci gaba' kì í ṣe jẹun."

"Kí wá ni?"

"Ẹ máa bá a lọ ni. Ohun tí ẹ̀ ń ṣe, tó dáa, ẹ máa ṣe é lọ."

"Kí ló dé tí wọn ò wá sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n sọ, Bàámi."

Òjò ti dá nígbà tí wọ́n jáde, Yínúsà sì bẹ ọmọ rẹ̀ pé kó dákun má sọ fún ìyá rẹ̀. Junaid búra. Kò sì sọ, ọmọ tó lẹ́kọ̀ọ́ ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Nàímátù gbé kùkúńbà síwájú bàbá rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà, tó ní, "Bàbá Junaid, ẹ pẹ̀lẹ́, mo mọ̀ pé kò rọrùn," ẹ̀rín bú lẹ́nu ọmọ náà bí omi tó fa páìpù ya. Kí ló dé? Kò sí nǹkan. Kí ló dé? Bí wọ́n ṣe tú u palẹ̀ nìyẹn, láti orí wáínà kìíní dórí ìkẹjọ.

Àmínát rẹ́rìn-ín títí ó fi kúrò lórí àga. Nàímátù ò rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló kọ́kọ́ ba Yínúsà lẹ́rù.

"Oṣù kan àti ààbọ̀," ni Nàímátù wí. "Mò ń jí ṣíwájú ìpèrun, mò ń bọ ẹyin. Mò ń yin Ọlọ́run lójú àwọn aládùúgbò. Ẹ̀yin ń nu ẹnu."

"Nàímátù, èdè ló..."

"Èdè ò ṣe nǹkan kan! Ẹ mọ̀ pé wọn ò ní kí ẹ lọ jẹ wáínà mẹ́jọ. Tí wọ́n bá ní 'ka ci gaba' ní ọjà, tí wọ́n fẹ́ kí ẹ sanwó síwájú, ẹ̀ bá ti wá ẹni tó máa túmọ̀ rẹ̀!"

Yínúsà fa abọ́ kùkúńbà sún mọ́ra, nítorí òótọ́ ni.

"Ìparí oṣù kọkànlá, Junaid ń lọ sí kámpù àwọn àgùnbánirọ̀. Tó bá lọ, ta ni yóò dúró níwájú èmi àti Àmínát? Fíríìjì?" Ohùn rẹ̀ wá wálẹ̀. "Mi ò ní kí ẹ padà síwájú torí pé ẹ mọ kéwú. Junaid mọ̀ ọ́n jù yín lọ. Ohùn yín ló ti mọ́ mi lára. Dókítà sọ ti ọkàn yín, ẹ rò pé mi ò gbọ́? Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá Junaid. Ẹ̀rù ń bà mí pé lọ́jọ́ kan ni mo máa jí, mi ò sì ní gbọ́ ọ mọ́."

Yínúsà jẹ kùkúńbà rẹ̀ tán, gbogbo rẹ̀, ó sì korò lẹ́nu rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Junaid ló jí i. Wọ́n kírun tán, wọ́n sì jáde pọ̀, bàbá àti ọmọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nígbà tí wọ́n dé ìkòríta, obìnrin oníwáínà ti rí wọn lókèèrè, ó ti ń nu abọ́. "Alhaji! Sannu da zuwa!" Yínúsà kí i padà, ó sì sọdá sí òdìkejì títì kí imú rẹ̀ tó gbọ́ òórùn. Wọ́n rìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú pé. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, àyà ń jó o, ó sì ń bú gbogbo ẹni tó dá ilẹ̀ òkè sí Minna. Junaid kàn ń rìn lọ ní tirẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ kan, ó di méjì. Yínúsà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ kó tó dé Shango, ó ń fẹsẹ̀ parí ìyókù. Ní ṣọ́ọ̀bù, tó bá ti rán aṣọ kan tán, á dìde, á di tábìlì ìgéṣọ mú, á lóṣòó díẹ̀, á dìde, á tún lóṣòó, àwọn oníbàárà á sì máa bi í pé kí ló sọnù sábẹ́ tábìlì. Túwó dín kù, ewébẹ̀ pọ̀ sí i. Ọjọ́ kan wà tó sunkún nítorí búrẹ́dì. Mi ò fi ṣe àwàdà, búrẹ́dì gbígbóná ni, ó sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Bó ṣe wá ń fọn, ni ìyọnu mìíràn dé. Ẹ̀yin ẹ mọ̀ wá. Tí ènìyàn bá sanra títí tí kò lè dìde nílẹ̀ mọ́, a ní ara rẹ̀ ń dán, ayé ń yẹ ẹ́. Ẹ jẹ́ kó fọn díẹ̀, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í kí i kú ìrọ́jú. Yéwándé, olùkọ́ tó ń rán aṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, wọlé, ó fọwọ́ bo ẹnu: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà ti rù o! Ṣé kò sí?" Ó ní kò sí. "Ẹ̀gbọ́n, tó bá wà, ẹ sọ ọ́." Àwọn oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pè é ní Alhaji tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í pè é ní Málàm. Lójú ara wọn, wọn ò bú u. Ikùn ló fi ṣe Hájì, ikùn sì ti ń lọ, oyè náà gbọ́dọ̀ bá a lọ. Ó dun Yínúsà díẹ̀, kì í ṣe irọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin pè láti Ìlọrin, Nàímátù ló sì pè, kò pe Yínúsà.

"Nàímátù, wọ́n ní àbúrò mi ti gbẹ. Kí lò ń fún un jẹ?"

"Kùkúńbà ni, mà."

"Kùkúńbà! Ṣé ewúrẹ́ lo fẹ́ ni?"

"Rárá, mà. Ewúrẹ́ ì bá ti kọ́kọ́ gbọ́ràn."

Yínúsà gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé òun fúnra òun lòun ń gbẹ ara òun, pé ìyàwó òun ò jẹ̀bi, àti pé tí wọ́n bá tún bú Nàímátù torí ọ̀rọ̀ yìí, òun á wá sí Ìlọrin wá gbẹ lójú wọn. Nàímátù gbọ́ ọ láti ilé ìdáná. Ẹyin méjì ló bọ̀ fún un lọ́jọ́ kejì.

Oṣù kọkànlá dé, ọyẹ́ sì ti ń fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ummuhani wọn Yínúsà: mọ́kàndínláàádọ́fà. Kò tíì pé iye tí dókítà ní kó dé, kílò mẹ́ta ṣì kù. Ọkàn Yínúsà bàjẹ́. Ó ti ń gbìyànjú nínú yàrá, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ra, ó ń kúnlẹ̀, ó ń forí lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Níjọ́ kan orúnkún á gbà, níjọ́ kejì á kọ̀. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ̀rù pé tí òun bá bọ́ síwájú, tí orúnkún sì kọ̀, Junaid á tún wọkọ̀ lọ, òun á sì padà sórí àga, títí ayé nìyẹn. Junaid náà ò bi í. Ó kàn ń ka súrà rẹ̀ gígùn lọ.

Àárọ̀ ọjọ́ tí Junaid máa lọ, báàgì rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ṣe àlùwàlá tán, wọ́n tẹ́ ẹní. Yínúsà ń lọ sí ìdí fíríìjì gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, ló bá rí i pé Junaid ò lọ síwájú. Ọmọ náà dúró ní ìlà kejì, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn, ó ń wo ilẹ̀.

"Junaid, àkókò ń lọ."

"Mo mọ̀, Bàámi."

"Kí lò ń dúró dè?"

"Ẹ̀yin ni."

Yínúsà wo Nàímátù. Nàímátù ń tún ìborùn rẹ̀ ṣe, kò sì gbójú sókè. Yínúsà fẹ́ sọ pé kílò mẹ́ta ṣì kù. Ó fẹ́ sọ pé ọyẹ́ kì í bá orúnkún rẹ́. Ó rìn lọ síwájú, ó kọjú sí Gábàsì, ó gbé ọwọ́ sókè.

Súrà tó kúrú jù nínú èyí tó mọ̀ ló kà. Ó tẹ̀, ó nàró. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀, orúnkún ọ̀tún dún kẹ̀kẹ̀, tòsì ò dún, ó sì tẹ̀ síwájú, ó ń tẹ̀ síwájú, títí iwájú orí rẹ̀ fi kan ẹní. Ẹní náà tutù. Lẹ́yìn rẹ̀, ó gbọ́ bí ènìyàn mẹ́ta ṣe tẹ̀lé e wálẹ̀, aṣọ ń rìn, orúnkún ń kan ilẹ̀, wọ́n ń dúró de òun. Ó ti lé ní oṣù márùn-ún tó ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Ó ṣe àfọ̀mọ́ Ọlọ́run lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì gbé orí sókè fúnra rẹ̀.

Nígbà tó sálámà tán, kò yíjú sẹ́yìn.

"Bàbá Junaid," ni Nàímátù pè é, "ṣé kò sí?"

"Orúnkún ni."

"Orúnkún kì í sunkún."

Junaid wá kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ kó súre fún òun, nítorí ọlọ́kọ̀ ti ń fọn fèrè níta. Yínúsà gbé ọwọ́ lé ọmọ náà lórí. Ọkùnrin tó lè fi èdè méjì bẹ oníbàárà títí oníbàárà fi máa bẹ̀ ẹ́, ó ya ẹnu, kò sí nǹkan kan tó jáde. Omi ń dà lójú rẹ̀ sórí irùngbọ̀n. Fèrè tún dún.

Nàímátù súnmọ́ ọn, ó di apá agbádá rẹ̀ mú.

"Lémọ́mù," ó ní, "ẹ ṣàdúà fún ọmọ, ọkọ̀ ò ní dúró dè wá."